Irin Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́, Ẹrù Ni A Ṣe É Fún
Ọ̀rọ̀ sí àwọn obìnrin tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gun kẹ̀kẹ́ lójú pópó, àti sí àwọn olùkọ́ tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn obìnrin láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, láti fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje lójú pópó nínú eré Òlíḿpíìkì. Kìlómítà 158 ni wọ́n ní láti gùn. Nínú gbogbo àwọn tí ó gbéra ní ọjọ́ náà, àwọn méjì ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa fi ojú inú wò. Èkínní ni Kristen Faulkner, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gba ẹ̀yẹ wúrà. Èkejì ni Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ tiwa.

A kò bí Faulkner sórí kẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni pé ó ti máa ń fi ọkọ̀ ojú omi díje nígbà tí ó wà ní yunifásítì, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ọdún 2017, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní New York, ni ó tó bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ ojú pópó. Kíláàsì kan wà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ó ń bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Central Park. Ibẹ̀ ni ó lọ. Ọdún méje lẹ́yìn èyí, ó borí gbogbo àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris.

Ọmọ tiwa ńkọ́? Ese gbéra lójú pópó ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún un lójijì láti díje nínú eré kẹ̀kẹ́ ti inú gbọ̀ngàn pẹ̀lú, èyí tí ó ní irú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó yá a ní ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, ó gun orí rẹ̀, ó sì ṣojú orílẹ̀-èdè wa láìtijú.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ni ó gbé ka iwájú wa, ìbéèrè náà kò sì kan àwọn tí ó ń lọ sí Òlíḿpíìkì nìkan. Bí obìnrin kan ní ilẹ̀ wa, bóyá olùkọ́, bóyá nọ́ọ̀sì, bóyá oníṣòwò, bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ó sì wí pé òun fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́, níbo ni kíláàsì tirẹ̀ wà?

ÀWỌN TÍ A GBÉ SẸ́YÌN

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó di púpọ̀, kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun ni oníwàásù fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, òun ni wolé-wolé ń gùn bọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń sáré bo ìkòkò omi wọn. Ọmọ ilé-ìwé tí a bá yàn láti nu Raleigh olùkọ́ mọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí obìnrin wà nínú àwòrán náà. Ẹ̀yìn ni ó wà. Ó jókòó sórí irin tí a fi ń di ẹrù, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì di ọkọ rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni ó ṣe irú èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1897, nígbà tí Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ dìbò lórí bóyá kí a máa fún obìnrin ní oyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ṣe ère obìnrin kan, wọ́n gbé e gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi í kọ́ sókè ní ìgboro láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbò náà já sí òfo fún àwọn obìnrin. Ọdún 1948 ni wọ́n tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí oyè náà ní kíkún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí ohun tí àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí mọ̀. Wọn kò gbé ère náà lé orí ẹṣin tàbí sínú ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìwé àti kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ síra, nítorí àwọn méjèèjì ni ó lè gbé obìnrin dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mú un lọ.

Nínú eré ìje pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Àwọn ọkùnrin ti ń fi kẹ̀kẹ́ díje lójú pópó nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1896. Ọdún 1958 ni wọ́n tó ṣe ìdíje ojú pópó ti àgbáyé fún àwọn obìnrin, ní ìlú Reims, níbi tí Elsy Jacobs, ọmọ Luxembourg, ti gba ipò kìíní. Ó sì di ọdún 1984 kí obìnrin tó gun kẹ̀kẹ́ ojú pópó nínú Òlíḿpíìkì. Ọdún 88 ni wọ́n fi dúró sẹ́yìn ọkùnrin. Nítorí náà, bí a bá pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwa nìkan ni a pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti gbéra.

OHUN TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN Ń WÍ

Àwọn kan ń wí pé kẹ̀kẹ́ a máa ba ilé-ọmọ obìnrin jẹ́. Kò sí ẹ̀rí fún èyí nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ní bí ọdún 1895, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ òyìnbó a máa dẹ́rù ba àwọn obìnrin pé kẹ̀kẹ́ yóò sọ ojú wọn di ojú òkúrorò. Ojú àwọn obìnrin náà kò yí padà, ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà ni ó di ẹ̀rín. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé ń sọ lónìí ni pé kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan máa fún ara rẹ̀ ní iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, nínú ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ gígùn sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Aboyún, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, kí irú wọn kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn ń wí pé kò bójú mu. Àwa dáhùn pé ìwà rere kì í gbé inú aṣọ kan ṣoṣo. Obìnrin tí ó fẹ́ bo ara rẹ̀ lè wọ ṣòkòtò tí ó gùn àti ẹ̀wù tí ó bo ìbàdí, kí ó sì fi gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ àṣíborí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò ní kọ̀ ọ́.

Àwọn ẹ̀kẹta ń wí pé ojú ọ̀nà wa léwu. Àwọn wọ̀nyí ni ó sọ òótọ́, nítorí náà àwọn ni ó yẹ kí a fún ní èsì tí ó pọ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ́ ni a fi ń dín ewu kù. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ obìnrin ní kẹ̀kẹ́ dáadáa, dípò kí a dá a dúró sílé.

BÍ ÀWA FÚNRA WA ṢE ṢUBÚ

Obìnrin ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí a tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ní ìlú òkèèrè tí a ti lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ojú ti kọ́kọ́ tì wá. Ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa níbẹ̀, ẹni tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, ni ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa ní gbogbo òwúrọ̀, tí àwa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú òtútù. Ní ọjọ́ kan ó béèrè ìdí rẹ̀, a sì jẹ́wọ́. Òun ni ó kọ́ wa.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣubú, ẹ̀yìn ni a wò, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Orúnkún wa bó díẹ̀. Ohun tí ó dùn wá jù ni ẹ̀rín náà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé wa pé ìtìjú ni ó ń lé àgbàlagbà kúrò lórí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìrora.

Nígbà tí a padà sílé, a ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde, kọ́ńdọ́kítọ̀ kan yọ orí láti inú ọkọ̀ èrò, ó kígbe pé, “Àǹtí, ọkọ yín dà?” Kí a tó rí ohun tí a ó wí, ìyá kan tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà ti dá a lóhùn: “Ọkọ̀ rẹ̀ ni ó gùn yẹn. Kò kúkú bi ọ́ ní iye owó rẹ.” Gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe àwa ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

BÍ A TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ba ara yín mu. Bí ẹ bá dúró tí irin àárín rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ yín, kí àyè bí ìka méjì wà láàárín irin náà àti ara yín. Ní ti ìjókòó, ẹ gùn ún kí ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ yín bá nà tán, ìjókòó náà tọ́. Nígbà tí ẹ bá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù ni ó máa ń mú kí orúnkún dun ènìyàn. Egungun ìdí obìnrin sábà máa ń fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Bí ojú ara bá ń kú tàbí tí ó ń dun yín, ẹ má ṣe fara dà á, ẹ pààrọ̀ ìjókòó náà tàbí kí ẹ tún un gbé.

Ní ti aṣọ, ìró àti yẹ̀rì gígùn kò dára, nítorí wọn a máa há sínú ṣéènì. Àwọn tí ó ń rìn jìnnà a máa wọ ṣòkòtò tí ó ní tìmùtìmù nídìí, wọn kì í sì í wọ aṣọ mìíràn sábẹ́ rẹ̀, nítorí ojú ìránpọ̀ aṣọ ni ó máa ń họ ara. Kò burú kí a wọ aṣọ tí ó fẹ̀ lé e lórí. Àṣíborí gbọ́dọ̀ bo iwájú orí, kí a sì so ó mọ́ àgbọ̀n dáadáa. Bí ó bá ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìjàǹbá, a kì í lò ó mọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò sí lójú pópó rárá. Pápá tí ó tẹ́jú ni ibi rẹ̀. Báyìí ni ìyá arúgbó wa ṣe kọ́ wa: ó tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, ó rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ wa fi kan ilẹ̀, ó sì ní kí a máa fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ máa yọ̀ lọ. Ojú kò gbọdọ̀ wo táyà. Iwájú ni kí ó máa wò, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Nígbà tí a lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin pápá láìṣubú, ó dá pẹ́dà padà. Kò gba ọjọ́ púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ bíréèkì. Ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ ti iwájú àti èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀yìn, nítorí kẹ̀kẹ́ kò bára mu lórí èyí. Ẹ máa fún méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fa ìdí sẹ́yìn. Ti iwájú ni ó lágbára jù. Ẹni tí ó bá já a mú lójijì, kẹ̀kẹ́ lè dà á nù láti iwájú. Ní ti jíà, ẹ yí i sí èyí tí ó fúyẹ́ kí ẹ tó dé ibi òkè, ẹ má ṣe dúró di àárín òkè. Kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré, bí ìgbà 70 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan, sàn ju kí a máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń gún iyán lọ.

OJÚ PÓPÓ

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń rìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọ̀tún ni kí kẹ̀kẹ́ wà pẹ̀lú, ní ìhà ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Àwọn tí ó ń kọjú sí ọkọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ rí i ń tan ara wọn jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkọlù a máa le sí i. Ẹ má ṣe rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí iyanrìn àti gọ́tà wà. Ẹ fi àyè bí mítà kan sílẹ̀, kí awakọ̀ lè rí yín, kí ẹ sì lè yà fún kòtò. Kí ẹ tó yà, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ na ọwọ́ sí ìhà tí ẹ ń lọ. Ẹ má ṣe gba ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ èrò tí ó dúró, nítorí ibẹ̀ ni èrò ń bọ́ sí. Ẹ má sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà. Ẹni tí ó ń wà á kò rí yín. Ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀.

Òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, ni àkókò tí ó dára jù. Aṣọ tí ó tàn, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ fún bíréèkì kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ dúró, ẹ sì ṣọ́ra fún ibi tí epo ọkọ̀ dà sí. Ẹ mú omi dání. Bí ìrìn bá ju wákàtí kan lọ, ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kọ́ bí a ti ń pààrọ̀ túùbù kí ọjọ́ tí ẹ ó nílò rẹ̀ tó dé. Túùbù kan, pọ́ǹpù kékeré, àti igi méjì tí a fi ń yọ táyà, gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò kan. Kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i, ẹ rọra fi ọwọ́ wá ìṣó tàbí ẹ̀gún tí ó wà nínú táyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún gún èkejì. Obìnrin tí ó mọ èyí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà fi ń kún. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú pápá. Lẹ́yìn náà kìlómítà márùn-ún ní ọ̀nà tí ó dákẹ́, ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Bí ara bá ń gbà á, oṣù mẹ́ta tó kí ọ̀pọ̀ obìnrin lè gun ọgbọ̀n kìlómítà kí wọ́n sì padà sílé láìṣàárẹ̀ jù. Kí ẹ má ṣe dá lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bí obìnrin mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹni iwájú ń ké sí àwọn tí ó wà lẹ́yìn pé kòtò wà, awakọ̀ yóò bọ̀wọ̀ fún wọn, oníyẹ̀yẹ́ yóò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀YIN OLÙKỌ́

Láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti àgbáyé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Kigali, ní orílẹ̀-èdè Rwanda. Orí òkè ni ìlú náà wà, àwọn ará ibẹ̀ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti wo àwọn obìnrin tí ó ń gun òkè wọn. Ọmọ Kánádà ni ó borí nínú eré àwọn obìnrin. A kò jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin kékeré tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Kigali ti fi ojú ara wọn rí i pé obìnrin lè ṣe é. Àwọn tiwa kò tíì rí i.

Ohun tí a ń béèrè kò tóbi. A kò béèrè gbọ̀ngàn, a kò sì béèrè owó ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni ó ní pápá, pápá náà a sì máa ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí ó lọ́jú, ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n gùn, wákàtí kan lọ́sẹ̀, àti òfin kan pé a kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ó ṣubú ṣe ẹ̀sín: kíláàsì dé. Kí olùkọ́ obìnrin kọ́kọ́ gùn ún lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, kí ó dìde kí ó tún gùn ún, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò sí nínú ìwé kankan.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dé Òlíḿpíìkì. Ọ̀pọ̀ yóò kàn gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́, tàbí lọ kí ìyá wọn ní abúlé kejì, láìdúró de ọkọ̀ àti láìdúró de ọkọ. Ṣùgbọ́n nínú wọn ni Ese mìíràn yóò ti jáde, a sì fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tí yóò gùn jẹ́ tiwa.

Irin kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá wa jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Ẹrù ni a ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí a dá a padà fún ẹrù.